Ọ̀rọ̀ Kékeré Ló Ń Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ńlá

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó kan ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀: drought. Ó fa díkíṣọ́nárì àtijọ́ kan yọ lórí pẹpẹ, ó bá a níbẹ̀ pé “prolonged deficiency of precipitation” ni. Wàhálà dé. Ó ní láti wá prolonged, kó wá deficiency, kó tún wá precipitation. Kó tó dé orí ẹ̀kẹta, ó ti gbàgbé ohun tó ń kà tẹ́lẹ̀. Ká ní ẹnì kan wà nítòsí tó sọ fún un pé drought ni “a long time when no rain falls”, ọ̀rọ̀ ì bá ti bùṣe. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú àlàyé kejì yìí tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tíì gbọ́ rí. Ọ̀dá ni wọ́n ń sọ, ọmọ náà sì ti mọ ọ̀dá kó tó mọ ilé ìwé.

Ìtumọ̀ méjèèjì tọ̀nà. Ẹni tí a kọ wọ́n fún ló yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ń bá ẹni tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké sọ̀rọ̀. Èkejì ń bá ẹni tó ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀. Ó sì pẹ́ gan-an kí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè tó gbà pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí Samuel Johnson gbé díkíṣọ́nárì ńlá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1755, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń rò. Àlàyé tó ṣe lórí network, ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àwọ̀n apẹja rí lè júwe, kún fún ọ̀rọ̀ tó ti inú Látìn wá débi pé àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ṣì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní.

Ilẹ̀ Íńdíà ni àyípadà ti dé. Ní 1912, Michael West, òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí agbègbè Bẹ̀ngál. Ó wá di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Dacca, ìlú tó jẹ́ olú ìlú Bangladesh lónìí. Ohun tó rí níbẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí tíṣà kankan ní Ìlọrin tàbí Abẹ́òkúta: ọmọ á lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí Gẹ̀ẹ́sì, á sì kúrò nílé ìwé láìlè ka ìwé ìròyìn. West yẹ àwọn ìwé kíkà wò, ó rí i pé ẹ̀bi ìwé pọ̀ ju ẹ̀bi ọmọ lọ. Ọ̀rọ̀ tuntun kún ojú ewé kan ṣoṣo bámúbámú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ẹnu kì í sọ mọ́. Ó tún àwọn ìwé náà kọ. Ó fi ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ rọ́pò èyí tó ṣọ̀wọ́n, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tuntun kan àti òmíràn, kí ọmọ lè pàdé ọ̀kan léraléra kí ìkejì tó dé.

Iṣẹ́ yẹn ló gbé e dé ìdí díkíṣọ́nárì. Ìwé kíkà tó rọrùn kò lè ran ọmọ lọ́wọ́ tó bó ṣe yẹ bí ìwé tó máa fi wá ìtumọ̀ bá tún le bí òkúta. Ní 1935, West àti James Endicott gbé New Method English Dictionary jáde. Wọ́n túmọ̀ nǹkan bí 24,000 ọ̀rọ̀ àti àkànlò èdè nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ 1,490 péré ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo àlàyé náà. Ìyẹn ni pé ọmọ tó bá ti mọ 1,490 yìí lè dá ìtumọ̀ gbogbo ìyókù rí láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ aláápọn tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́ fún ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ á ti ní 1,500 lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń yan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gba làákàyè. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu kọ́ ló máa ń wúlò jù. Gbogbo ayé ló ń sọ hello, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi túmọ̀ ohunkóhun. Tool kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu èèyàn lójoojúmọ́, síbẹ̀ láìsí i, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ ohun tí òòlù, ayùn, àdá àti ọkọ́ jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì? Bẹ́ẹ̀ náà ni kind, part, liquid àti container. Ìdílé ni irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń tọ́ka sí, ìdílé lèèyàn sì kọ́kọ́ máa ń béèrè bó bá pàdé àlejò.

Ẹ jẹ́ ká wo òòlù, ìyẹn hammer, dáadáa. Ìdílé rẹ̀ kò ṣòro: “a tool”. Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ń kánjú á sọ pé “a tool for hitting nails”. Alágbẹ̀dẹ á ní rárá, òòlù tòun kì í kan ìṣó, irin gbígbóná ló ń lù. Bíríkìlà á ní òkúta lòun ń fi tòun fọ́. Ó wá di “a tool for hitting nails or for beating and breaking hard things”. Ó dára báyìí, àmọ́ ọmọ odó náà ń gún nǹkan líle, ó sì ń fọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní hammer. A ní láti sọ bó ṣe rí: ó ní “a heavy metal head” àti “a handle”. Bí a ṣe kọ head sílẹ̀ báyìí, ọmọ lè rò pé orí èèyàn ni. Handle sì lè má sí nínú àkójọ tí a fún ara wa. Ẹni tó mọṣẹ́ á yí i pa dà sí “a tool with a heavy piece of metal fixed to a part that you hold, used for hitting nails or for beating and breaking hard things”. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọmọ á ti kọsẹ̀, kò sì sí irinṣẹ́ mìíràn tó lè jókòó sáàyè òòlù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, kó mú bírò kó gbìyànjú scissors.

Òfin méjì ló wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni pé kí ọ̀rọ̀ inú àlàyé má le ju ọ̀rọ̀ tí a ń ṣàlàyé lọ. Èkejì ni pé kí àlàyé má yí po padà síbi tó ti gbéra. Àwọn díkíṣọ́nárì péńpé tó ń wọ àpò ṣòkòtò ló máa ń rú èkejì yìí jù, torí àyè ò gbà wọ́n. Wọ́n á kọ haughty, wọ́n á kọ arrogant síwájú rẹ̀. Ọmọ á ṣí arrogant, á bá haughty níbẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ọmọ kò kúrò lójú kan. Bí wọ́n bá ti kọ “thinking that you are better than other people”, ọmọ á rẹ́rìn-ín, torí ó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí ní kíláàsì rẹ̀.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà ń pè ní Oxford, èyí tí wọ́n máa ń fi ta ọmọ lọ́rẹ bó bá ṣe ipò kìíní, kì í ṣe ìlú Oxford ni wọ́n ti ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀. Japan ló ti wá. A. S. Hornby lọ síbẹ̀ ní 1924 láti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dara pọ̀ mọ́ Harold Palmer, ẹni tó dá ilé ìwádìí lórí kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Tokyo ní 1923. Hornby àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Gatenby àti Wakefield, ṣe díkíṣọ́nárì fún àwọn ọmọ Japan tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun àgbáyé kejì dé bá wọn. Nígbà tí Japan àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjú ìjà síra wọn ní òpin 1941, wọ́n há Hornby mọ́lé, ó sì di 1942 kó tó ráàyè padà sílé. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Kaitakusha ní Tokyo tẹ ìwé rẹ̀ jáde, nígbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣì ń ja ogun. Ní 1948, Oxford University Press tún un tẹ̀ fún gbogbo ayé.

Hornby fi nǹkan pàtàkì kan kún iṣẹ́ West. Ó rí i pé mímọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kò tó, ó yẹ kéèyàn mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jókòó nínú gbólóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ dájú pé suggest ni kéèyàn dá àbá, kó sì tún kọ “he suggested me to go”. Gẹ̀ẹ́sì kò gba ìyẹn. “He suggested that I should go” ló gbà. Ẹni tó bá kọ ìtumọ̀ sínú nóòtù rẹ̀ láìkọ gbólóhùn kan mọ́ ọn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló mú lọ sílé.

Láti ìgbà náà, ìlànà West ti di ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá. Longman gbé díkíṣọ́nárì akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ jáde ní 1978, ó sì fi nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ ṣe gbogbo àlàyé inú rẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti lè ṣe é kí wọ́n má lo ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú àkójọ, wọ́n á fi lẹ́tà ńlá kéékèèké tẹ ọ̀rọ̀ náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ó lè ní láti wá ìyẹn náà. Ìwé Oxford náà gba ìlànà yìí ní 1995, 3,500 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dín in sí 3,000 ní 2005.

Èyí tó yàtọ̀ pátápátá ni COBUILD, tí John Sinclair àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Birmingham, tó jáde ní 1987. Wọ́n kó àìmọye ìwé, ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu jọ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n wo bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ ní tòótọ́, wọ́n sì wá kọ ìtumọ̀ ní odidi gbólóhùn, bí ìgbà tí tíṣà bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá ló yẹ kó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Yá ni tiwa fún borrow àti lend. Ẹni tó yá owó lọ́wọ́ Àyìnlá àti ẹni tó yá Àyìnlá lówó, ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni. Ohun tó tẹ̀lé e ló ń sọ ọwọ́ tí owó ń lọ. Bí díkíṣọ́nárì bá kàn sọ pé lend ni “to give for a short time”, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣì máa kọ “please borrow me your pen”. Àmọ́ bí wọ́n bá kọ ọ́ lọ́nà ti COBUILD, pé “if you lend someone money, you let them have it and they must give it back later”, ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà ti yọjú, àṣìṣe náà á sì ṣòro láti ṣe.

Ìrọ̀rùn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí a bá sọ pé ẹni tó jẹ́ thrifty “does not like to waste money”, tí a tún sọ pé ẹni tó jẹ́ stingy “does not like to spend money”, akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, kó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìdúpẹ́ pé ọ̀gá òun jẹ́ stingy. Ẹnu ń yin ẹni àkọ́kọ́, ó mọ owó ná. Ahun ni ẹnì kejì. Ìtumọ̀ tí kò bá sọ bóyá ìyìn ni tàbí èébú kò tíì pé, bó ti wù kó rọrùn tó. Àwọn nǹkan kan sì wà tí ọ̀rọ̀ kò lè gbé. Kí ni pupa? Àwọn díkíṣọ́nárì á ní àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, wọ́n á sì dákẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè há ìtumọ̀ snow sórí pé “soft white pieces of frozen water that fall from the sky in cold places”, kó sì máa ro yìnyín tó ń ja òrùlé páànù. Níbẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo ṣàǹfààní ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, kí tíṣà má sì tijú láti fi í hàn.

Ohun tí ọmọ ti mọ̀ ní èdè abínibí rẹ̀ ló máa ń yára gba orúkọ tuntun. Ọmọ tó ti rí aṣọ tó gbẹ lórí okùn, tó sì ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé oòrùn ló fa omi ara rẹ̀, ọ̀nà evaporate kò jìn sí i. Èyí tí kò bá tíì ye é lédè kankan ni ìtumọ̀ rírọrùn kì í tètè wọlé sí. Ìrírí Ifẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣiyèméjì. Ní oṣù kìíní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo wá ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fi ìtumọ̀ rírọrùn kó ọ̀rọ̀ jọ? Èyí tó dájú jù ni pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìtumọ̀ náà. Kó kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ nínú ohun tó ń kà, kó fojú inú wò ó kó tó ṣí díkíṣọ́nárì, lẹ́yìn náà kó pa ìwé dé, kó kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, tó bá kan bargain, lè kọ “to talk about a price until two people agree”. Ìdúnàádúrà ni, ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Kó wá fi gbólóhùn kan tó kan ilé wọn tì í: “The woman bargained with my mother over six yards of lace.” Bó bá tún kan “that shoe is a real bargain” lọ́jọ́ mìíràn, á rí i pé ìtumọ̀ tó kọ kò gba èyí, á sì padà lọ fi “something that costs less than it should” kún un. Ìpadàlọ yẹn ló ń mú ọ̀rọ̀ dúró sára.

Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tó fi iyè ara rẹ̀ ṣe ìwádìí, ti fi hàn ní 1885 pé ohun téèyàn bá há sórí máa ń sá lọ jù ní wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ìsáré rẹ̀ ń dín kù. Ìdí nìyí tí kíka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́ ọjọ́ kan kò fi tó kíkà á lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Sebastian Leitner, òǹkọ̀wé kan, sọ èyí di àpótí ní 1972: ọ̀rọ̀ wà lójú káàdì kan, ìtumọ̀ wà lẹ́yìn. Káàdì tí ọmọ bá gbà á bọ́ sí ìpín iwájú tí a kì í tètè yẹ̀ wò. Èyí tó bá ṣì á padà sí ìpín àkọ́kọ́ tí a ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Páálí bisikíìtì àti bébà tí a gé wẹ́wẹ́ ti tó, kò gbówó rárá.

Ẹ̀yìn káàdì yẹn ló yẹ kéèyàn ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Kí tíṣà ka ìtumọ̀, kí kíláàsì dárúkọ. Àwọn ọmọ wa mọ eré yìí, àlọ́ àpamọ̀ ni: ẹni tó ń pa á á júwe nǹkan láìdárúkọ rẹ̀, àwọn tó kù á já a. “A woman whose husband is dead.” Ariwo á sọ: widow! “A person who makes clothes for other people.” Àwọn kan á ní designer, àwọn kan á ní tailor, àríyànjiyàn tó bá tibẹ̀ yọ á sì kọ́ wọn ju ìwé lọ.

Àwọn kan gba ọ̀nà tó le. Nígbà tí Malcolm X, ẹni tó wá di ajìjàgbara àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, wà lẹ́wọ̀n ní Norfolk, ní Massachusetts, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ da díkíṣọ́nárì kọ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, láti A lọ, ó sì ń ka ohun tó kọ sókè. Ó ṣiṣẹ́ fún un, torí ìyàn ìwé ń pa á, ó sì ní àkókò. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìṣirò àti báyọ́lọ́jì lọ́rùn, dídà á kọ bẹ́ẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu. Aardvark tó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ kò lè wúlò fún un bíi because. Paul Nation, onímọ̀ èdè ní New Zealand, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 2,000 ìdílé ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ló ń kó nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ọ̀rọ̀ inú ìwé tó wọ́pọ̀, tí a bá ka run, runs àti running sí ìdílé kan. Láti ka ìwé ìtàn àròsọ láìgbára lé ẹnikẹ́ni, ó ní á tó 8,000 sí 9,000. Ìyẹn ni pé kéèyàn kọ́kọ́ fi àwọn tó wọ́pọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ tó lágbára, kó tó máa sáré lé ọ̀rọ̀ gàgàrà.

Ọ̀rọ̀ gàgàrà yìí ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní jàǹbá. Nítorí pé ìdánwò WAEC àti JAMB máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ kan jù ní ìtumọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń há ìwé pẹlẹbẹ tó to ọ̀rọ̀ ní méjì-méjì sórí: begin, commence; end, terminate. Ọmọ á wá kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé ilé ìwé ti “terminated”. Bàbá á rò pé wọ́n ti ilé ìwé pa. Ìtumọ̀ tó sọ pé terminate ni “to make something stop completely, often before people expect it” ì bá ti gbà á sílẹ̀.

Lórí fóònù, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń wá ìtumọ̀ báyìí, ìdí tí a fi ń ṣọ́ra ṣì wà. Àlàyé tí Google máa ń gbé síwájú ẹni, láti ọwọ́ Oxford Languages, àwọn tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ fún. Longman, Oxford àti Cambridge ní ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ learner tẹ̀lé orúkọ ilé iṣẹ́ náà nígbà tó bá ń wá a á tètè débẹ̀.

Ní oṣù kìíní 2020, Oxford English Dictionary, díkíṣọ́nárì ńlá ti àwọn onímọ̀, gba ọ̀rọ̀ 29 láti inú Gẹ̀ẹ́sì àwa ọmọ Nàìjíríà wọlé. Danfo wà níbẹ̀, okada wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni buka, mama put àti tokunbo. Kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá tó dára tó kí tíṣà ní kí kíláàsì fi Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní Leeds lè gbọ́ túmọ̀ wọn. Ẹnì kan á kọ pé buka ni “a small place where you can buy cooked food for little money”. Ẹlòmíràn á ní ìyẹn náà bá ilé oúnjẹ inú yunifásítì mu, kí wọ́n fi bẹ́ǹṣì àti páànù kún un. Ẹ̀kẹta á ní buka tó wà lójú pópó àdúgbò tàwọn ní ẹ̀rọ amúlétutù, oúnjẹ rẹ̀ kò sì pọ́ọ́kú mọ́, àmọ́ buka náà ni gbogbo èèyàn ṣì ń pè é.